Jáàsì Ni Màá Fọn Níbi Àṣekágbá

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá wa o. Ẹ má dárúkọ mi, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbọ́ yín lórí rédíò á ti mọ̀ pé èmi ni.

Fèrè sasofóònù ni mò ń fọn. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wa wá fi orin jáàsì dá èrò lára yá tí wọ́n bá gbá ìdajì àkọ́kọ́ tán níbi àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù, ní Sátidé. Ni ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ bá yarí. Ó ní orin hòtẹ́ẹ̀lì ni, pé èrò á máa tòògbé, kí n má kó ìtìjú bá òun. Ìyá wa ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ni o, gbọ́ tiẹ̀."

Mi ò gbà. Ṣebí gìgísẹ̀ ló fi gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lọ́sẹ̀ tó kọjá? Kóòṣì ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù ṣe bá a lẹ́sẹ̀ ló fi dárà, gbogbo pápá sì hó yèè. Ohun témi náà ń ṣe nìyẹn: màá gba orin lẹ́nu onífèrè kejì, màá fi dárà, màá dá a padà fún un. Ta ló ń sùn sírú ìyẹn?

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jókòó sílé? Tẹ́ ẹ bá ní kí n jókòó, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, ẹ̀yin náà á gbọ́ fèrè mi.