Aago Òmùwẹ̀ Tí Mo Tò fún Ladani

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ààwẹ̀ tó kọjá, ẹ kú àìrí wa, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé mì. Mo kí Ìyá mi, ẹni tí kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má pè mí. Mo kí Músá àbúrò mi, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Mo kí àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ wọn tó ń sá kiri nínú erùpẹ̀. Ẹ̀yin àgbà mọ́ṣáláṣí Kambolé, mi ò kí yín.

Lẹ́tà yìí kì í ṣe ti inú yàrá. Mo ti sọ fún Músá pé kó dúró títí wọ́n á fi kírun Jímọ̀ tán, kí àwọn èèyàn tó máa wá bàtà wọn kiri, kó dìde, kó kà á sókè. Mo sì ti fún ẹni tó ń tẹ ìwé ìròyìn èdè wa ní ẹ̀dà kan, kí ẹni tí kò wá sí Jímọ̀ má baà rí àwáwí wí. Ìdí ni pé, Bàbá, gbangba ni àwọn àgbà yìí ti gba ìpè ìrun lọ́wọ́ yín, ìpè tí ẹ ti ń pè kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní ojú yín ti ń ṣú. Wọ́n ní ẹ ò rí aago kà mọ́, pé ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí gbogbo ìlú jẹ sàárì kọjá àkókò nínú oṣù ààwẹ̀. Ṣíọ̀! Ojú ta ló ṣú? Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, n óò sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní Sokodé níbí, iṣẹ́ ń lọ. Ìsọ̀ ọ̀gá mi tó ń tún aago ṣe ṣì wà ní Kouloundè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọlọ́zẹ́mí ń to alùpùpù akérò wọn sí tí wọ́n ń bú ara wọn láti àárọ̀. Ọyẹ́ ọdún yìí le. Kí n tó ṣí ẹ̀yìn aago kan tán, eruku pupa ti bá mi wọ inú rẹ̀. Èdè Tem ni mo fi ń ná ọjà, Faransé ni mo fi ń kọ̀wé, mi ò rí ẹni bá sọ èdè wa àfi bí ìyá kan láti Goubi bá gbé iṣu wá tà. Lọ́jọ́ tó bá wá, mo máa ń ra iṣu tí mi ò nílò, kí n lè gbọ́ bó ṣe ń bú mi pé mo ti gbẹ bí igi ìdáná.

Ṣùgbọ́n irú àwọn tó ń wá sí ìsọ̀ wa, Bàbá, bí mo bá ní kí n máa sọ, ilẹ̀ á ṣú. Ọkùnrin á wọlé, ikùn rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ dé. Á ní òun fẹ́ aago òmùwẹ̀, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń wọ̀ rì sínú òkun, ká sì kọ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá ti ilẹ̀ Siwísì sí ojú rẹ̀. Ayédèrú ló fẹ́, ó sì mọ̀ pé ayédèrú ni. Kò fẹ́ fi mọ àkókò. Ó fẹ́ kí wọ́n fi mọ òun. Omi tó jìn jù tí irú wọn rí rí ni omi inú garawa ìwẹ̀. Bí òjò bá ṣú, á ti ọwọ́ bọ àpò kí aago má baà tutù. Aago òmùwẹ̀ o! Bí ẹ bá sì bi í pé aago mélòó ló lù, fóònù ni á wò.

Mò ń bá wọn tò ó, mi ò ní parọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó kàn yín. Mo ní, ní gbogbo ilẹ̀ yìí, ta ló nílò aago tí omi kò lè wọ inú rẹ̀ ní tòótọ́? Ta ló ń ti ọwọ́ bọ omi lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́? Ladani ni. Omi àlùwàlá ti pa aago mẹ́ta lọ́wọ́ yín tí mo fojú mi rí, títí kan èyí tí wọ́n rà bọ̀ fún yín láti Cotonou. Ẹ kì í sì í bọ́ ọ sílẹ̀ mọ́, nítorí èyí tí ẹ bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bútà lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó gbé e lọ kírun tán kó tó gbé e lọ. Tó bá tún di àsìkò sàárì, ẹ̀yin àti tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ẹ̀ ń wá ojú aago nínú òkùnkùn. Mo ní èmi ni n óò tò ó fún yín, aago tí omi kò lè wọ inú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń tàn lókùnkùn. Àwòrán ti Siwísì yẹn ni n óò wò tò ó, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i lójú.

Wíwá ẹ̀yà ara rẹ̀ niṣẹ́. Mo fẹ́ ẹ̀rọ inú tí wọ́n ṣe ní Japan. Ọkùnrin kan ní ọjà ńlá ta ọ̀kan fún mi, ó búra, ó fọwọ́ méjèèjì lé àyà pé oríjínà ni. Mo ṣí i délé, mo bá irun èèyàn nínú rẹ̀. Mo gbé e padà lọ bá a, ó ní irun mi ni. Orí mi sì rèé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fá a kó tó di ọjọ́ yẹn, ó ń dán bí àwo. Irú wọn ló ń pe ara wọn ní oníṣòwò! Tchamba ni mo ti padà rí ohun tí mò ń wá, lọ́jọ́ ọjà, láàárín rédíò àlòkù àti wáyà tó ti bó. Aago kan wà níbẹ̀ tí dígí rẹ̀ fọ́, tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ẹni tó ń tà á kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e lé orí bébà kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ.

Ara irin rẹ̀, ojú dúdú rẹ̀ àti àwọn ọwọ́ tó ń tàn, Ṣáínà ni wọ́n ti wá, wọ́n gba Lomé kọjá. Mo fi rọ́bà tó ń dí omi sí i, mo sọ ọ́ sínú garawa omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá mi ń bi mí bóyá mo fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni. Nígbà tí mo gbé e jáde, kò sí ìrì kankan lábẹ́ dígí. Inú mi dùn débi pé mo lọ jókòó níta, mo kàn ń wò ó.

Ó wá ku òrùka òkè. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí dáadáa fún àwọn tó ń gbọ́. Aago òmùwẹ̀ ní òrùka kan tó yí dígí rẹ̀ po, àmì kan tó ń tàn sì wà lára òrùka náà. Kí òmùwẹ̀ tó wọ inú omi, á yí òrùka yẹn kí àmì náà wà níbi ìṣẹ́jú tó gbọ́dọ̀ jáde. Òrùka tó dáa kì í yí ju apá kan ṣoṣo lọ. Bí nǹkan bá kọ lù ú, ẹ̀yìn ni àmì á sún sí, kò lè sún síwájú láéláé. Òmùwẹ̀ lè jáde kí àkókò tó pé, kò lè pẹ́ jù sínú omi kó kú. Òrùka tí kò dáa ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, bí ìdérí ìgò.

Mo ní kí ẹni tó ń kó ẹrù ní Lomé bá mi wá méjì, ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún Àlájì kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì. Méjì dé lóòótọ́. Ọ̀kan ń yí sápá kan, èkejì ń yí síbi tó bá wù ú. Mo pè é lórí fóònù, ó ní ìbejì ni wọ́n, pé oníbàárà kì í wò ó. Ọjọ́ yẹn náà ni Àlájì wọlé. Ó gbé òrùka tó dáa sétí, ó ń yí i, ó ń gbọ́ bó ṣe ń dún ká, ká, ká, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n fún ní súìtì. Ó ní bí kì í bá ṣe èyí, òun ò gba aago kankan. Ọkùnrin tí kò lè wọ odò dé orúnkún! Mo fún un. Èyí tó kù, mo dè é mọ́ tiyín.

Mo sọ fún ara mi pé kí ni Ladani Kambolé fẹ́ fi òrùka òmùwẹ̀ ṣe? Ààwẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo sì fẹ́ kí aago dé ọwọ́ yín kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀, mo sì dè é.

Àṣé mi ò mọ ẹni tó bí mi. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí Ìyá mi fi pè mí, ẹ̀rín ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní ẹ ti rí iṣẹ́ fún òrùka náà. Ẹ̀ ń wo ìwé àkókò sàárì lójú iná, ẹ̀ ń yí àmì tó ń tàn sí ìṣẹ́jú tí oúnjẹ gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́nu, lẹ́yìn náà ẹ ò nílò iná mọ́. Ẹ̀ ń lọ láti agbo ilé dé agbo ilé, ẹ̀ ń jí àwọn èèyàn. Tí ọwọ́ gígùn bá sì ti kan àmì, ẹ ti ń pe ìrun. Kò sẹ́ni tó kọ́ yín. Gbogbo àwọn olówó Sokodé tí mo tò ó fún, kò sí ọ̀kan tó lo aago yẹn bó ṣe yẹ kí wọ́n lò ó, àfi ẹ̀yin tí ẹ kò rí òkun rí. Mo yangàn fún ọ̀gá mi, mo yangàn fún àwọn ọlọ́zẹ́mí. Ó yẹ kí n sọ fún Ìyá mi lójú ẹsẹ̀ pé kí ẹ má fọkàn tán òrùka yẹn. Mi ò sọ ọ́. Ará Kambolé méjì ti ránṣẹ́ pé àwọn náà ń fẹ́ irú rẹ̀, orúkọ mi sì ti ń dùn mọ́ mi létí.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́ báyìí. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, bóyá apá aṣọ ló kọ lu òrùka náà, bóyá etí bútà ni, mi ò mọ̀. Ó sún síwájú. Bàbá mi dúró de àmì, gbogbo ìlú sì ń jẹun lọ. Fóònù wà lápò yín o! Aago wà nínú fóònù. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó wò ó, nítorí ẹnu yín kún. Ọ̀kan nínú àwọn ará ìlú, Ràímì, ló pàpà wo tirẹ̀, Ràímì tó gbé abọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn tó sì kọ́kọ́ figbe ta. Ààwẹ̀ ọjọ́ kan di èyí tí gbogbo yín máa gbà padà. Ó dùn mí fún yín, mo tọrọ àforíjì lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jókòó ìpàdé, ẹ̀yin àgbà mẹ́fà, ẹ ń fọwọ́ gbọn irùngbọ̀n, kò sí ọ̀kan nínú yín tó ní kí wọ́n mú aago yẹn wá ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bi arúgbó léèrè, ó ní ojú òun ni, ẹ ní ẹ ti gbọ́. Ẹ gbé ìpè fún Ràímì. Ìyá mi ní bó bá ń pè báyìí, ọmọ ọwọ́ nìkan ló ń jí.

Ojú! Bàbá mi tó ń bá Ìyá mi ti òwú bọ abẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́!

Bàbá, mo ti ń bínú sí wọn fún oṣù kan gbáko kí Ìyá mi tó sọ ohun kan fún mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni. Ó ní lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, kí wọ́n tó wá pè yín, ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ bọ́ aago náà, ẹ yí òrùka rẹ̀ sósì, ẹ yí i sọ́tùn-ún, ẹ tún yí i sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ẹ fi etí aṣọ nù ún, ẹ wọ̀ ọ́ padà, ẹ sì bá wọn lọ. Ìyá mi rò pé ẹ̀ ń ṣeré ni.

Ẹ mọ̀. Ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó jókòó síwájú wọn. Ẹ mọ̀ pé aago ọmọ yín ló ṣìnà, ẹ sì sọ pé ojú yín ni, kí wọ́n má baà fi orúkọ mi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ gbé ìpè yín lé wọn lọ́wọ́ nítorí mi. Èmi wà ní Sokodé níbí, mò ń fi Àlájì rẹ́rìn-ín. Ta ni mo sàn jù nínú gbogbo àwọn tí mo ti ń bú bọ̀ yìí? Àlájì fẹ́ kí wọ́n rò pé aago Siwísì wà lọ́wọ́ òun. Èmi fẹ́ kí Kambolé rò pé mo tọ́jú bàbá mi. Òrùka tó dáa wà lọ́wọ́ mi, mo gbé e fún àjèjì, mo fi èyí tó kù ránṣẹ́ sí ẹni tó bí mi. Mo kórìíra ara mi fún un.

Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ẹ̀yin tó ń gbọ́, èmi ni ìka náà. Ẹ má ra aago lọ́wọ́ mi. Ẹ dá ìpè padà fún Bàbá mi.

Ọlọ́hun á lọ́ra ẹ̀mí yín, Bàbá. Á fi òjò rere sí oko iṣu yín, kò ní jẹ́ kí ohùn yín gbẹ, kò sì ní jẹ́ kí n sin yín kí n tó tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Ẹ bá mi kí Ìyá mi, ẹ ní kó má sunkún. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, àti àwọn ará ilé wa tó wà ní òdìkejì bọ́dà. Ìyá mi ní ẹ ṣì ń wọ aago náà lọ sí mọ́ṣáláṣí lójoojúmọ́, pé bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, ẹ̀ ń sọ fún un pé kò sí irú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ ọ.

Èmi ni Nurudéènì, ọmọ yín, tí ẹ fi ojú yín bo àṣírí rẹ̀.