Àgúnmu Tí A Lá Wò

Odomèta, ọjọ́ Ẹtì, oṣù kẹjọ, 1978

Lónìí ni a ṣàyẹ̀wò àgúnmu ẹ̀jẹ̀ tí Ìyá Ràfíà ń tà. Oògùn tí ń fún aláìlẹ́jẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ti tán ní ilé ìwòsàn, òmíràn kò sì tíì dé láti Kútọnu, ni dèlégé, aṣojú ìjọba ní abúlé wa, bá ní kí ìgbìmọ̀ abúlé wo oògùn ilẹ̀ wa.

Àyẹ̀wò wo? Ìyá Ràfíà da ìyẹ̀fun pupa náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a níwájú wa, bí àwọn olóògùn ti máa ń ṣe. Dèlégé náà lá a.

“Ó dára,” ni ó wí, ó yíjú sí mi. “Kámáráàdì olùkọ́, àbí ti òyìnbó nìkan lẹ gbà gbọ́?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà lá a. Poroporo ọkà bàbà ni Ìyá Ràfíà ní òun gún, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ ń dún láàrin eyín mi. Mo gbé e mì.

Kí ni lílá fi hàn? Pé kì í ṣe májèlé. Pé agbára wà nínú rẹ̀ ńkọ́…

Wúràọlá, ìyàwó mi, kò tíì lè dìde láti ìgbà tó ti bímọ. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Inú ìpéǹpéjú náà funfun bí òwú, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀.

“Bàbá Ṣadé, ṣé ó dára?”

“Kò lè pa èèyàn.”

“Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín.”

Mo po àgúnmu náà mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná, nítorí a kò ní òmíràn. Ó mu ún tán, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.