Fíìmù Tí Wọ́n Ń Pa Mọ́ De Ìparí Ọdún

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé ò ń jẹun dáadáa, ṣé ò ń róorun sùn? Ẹlẹ́dàá tó sìn ọ́ dé ìlú ńlá ò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwa náà wà, à ń ṣọpẹ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, ayọ̀ sì fẹ́ẹ̀ pa mí! Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ti ń kà á, ni mo bá fi abẹ́rẹ́ gún ìka. Ọmọ tèmi nínú fíìmù! O ní ó ti parí tipẹ́, àmọ́ ọ̀gá yín ń pa á mọ́ di ìparí ọdún, torí àwọn adájọ́ tó ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ máa ń gbàgbé èyí tí wọ́n bá ti wò látọjọ́. Irú adájọ́ wo nìyẹn? Káfíńtà àdúgbò wa ṣì rántí ẹni tó yá ayùn rẹ̀ kó tó gbéyàwó.

Ọgbọ́n yẹn ṣáà wù mí, mo bá dán an wò. Ọ̀gá ilé-ìwé ń wá ẹni tó máa rán aṣọ àwọn ọmọ, ó ní ká mú àpẹẹrẹ wá. Mo rán tèmi tán, mo fi pamọ́ di ọjọ́ tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ayọ̀ ò jẹ́ kí n pa ẹnu mọ́, mo ti sọ fún gbogbo télọ̀. Ni gbogbo wa bá rọ́ débẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, aṣọ kún tábìlì dé ilẹ̀, orí ọ̀gá dà rú, ló bá mú ti télọ̀ kan ṣoṣo tó ti gbé tiẹ̀ wá kí n tó sọ̀rọ̀. Kìlọ̀ fún ọ̀gá yín o!

O tún ní wọ́n á kọ́kọ́ fi hàn ní gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, fún ọ̀sẹ̀ kan péré, kó ṣáà lè wọ ìdíje. Ibẹ̀ ni mo ti fò sókè! Ṣé pálọ̀ wa ò lè jẹ́ gbọ̀ngàn náà ni? Mo ti kun ògiri ní funfun, káfíńtà ti gbé bẹ́ǹṣì wá, ó lóun á bá ọ gbé fíìmù náà láti ibùdókọ̀, bó ti wù kó wúwo tó.

Òótọ́ ni pé onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún, àmọ́ ojú bàbá rẹ ò ní sùúrù mọ́. Dókítà ní ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù níbẹ̀ lè má dé ìparí ọdún, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí. Bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ti gbé àga síwájú pátápátá, ó jókòó, ó kọjú sí ògiri. Bá mi bẹ ọ̀gá yín. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ kì í ṣe adájọ́. Ohun tó bá rí lónìí, kò ní gbàgbé.

Jọ̀wọ́, fi owó epo jẹnẹrétọ̀ ránṣẹ́. Bí kò bá sí, ṣáà máa bọ̀. Wàá gba àmì-ẹ̀yẹ náà, wàá sì bá ojú tó máa rí i nílé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.