Ọwọ́ Òsì Tó Ń Gé Àlùbọ́sà

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Ayaba ti ra kọ́tìnnì pupa. Ògiri pupa, tìmùtìmù pupa, kọ́tìnnì pupa. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ á dà bíi kóró inú tòmátò. Mo sọ fún un. Ó ní mi ò mọ ohun tó ń lọ láyé. Bóyá.

Ọmọ àbúrò bàbá mi ni Ayaba. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, kò mọ̀, inú ìwé yìí nìkan lorúkọ náà wà. Ó ní péèjì kan lórí fóònù tó ti ń fi ayé ọmọge han aráyé — ohun tó jẹ, ohun tó wọ̀, bó ṣe tún ilé ṣe, ibi tó lọ ṣe fàájì ní Sátidé. Àwọn tó ń tẹ̀lé e pọ̀ bí eéṣú. Oúnjẹ tí wọ́n ń rí níbẹ̀, èmi ni mò ń sè é. Ọwọ́ mi nìkan ló ń hàn nínú fídíò. Tó bá ti jinná, Ayaba á mú ṣíbí, á tọ́ ọ wò, á dijú, á mi orí. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé ìdáná nìyẹn.

Èmi náà ni mò ń fèsì fún àwọn tó bá kọ̀wé sábẹ́ fídíò. Ó ní ẹnu mi mú. Kò parọ́. Torí èyí ló ṣe fún mi ní yàrá kékeré ẹ̀yìn. Lọ́sàn-án, mò ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ.

Ìyá mi ò pè. Èmi náà ò ní í pè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ìrẹsì tutù nini ká tó fẹnu kàn án. Nínú fọ́tò, èéfín ń jáde lára rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6

Aláròyé tuntun ti dé sí péèjì. Òdòdó ló fi ṣe fọ́tò ara rẹ̀, kò sí ojú, nítorí náà Ìyá Olódòdó ni mo pè é. Kì í kí èèyàn. Láàárọ̀ ó kọ ọ́ pé epo ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. Lọ́sàn-án ó tún padà wá, ó ní ẹni tó ń gé àlùbọ́sà yẹn ti rù, ṣé ó ń jẹun ṣá?

Ọwọ́ lásán lẹ rí, ẹ ti mọ̀ pé ó rù. Àwọn kan ò níṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ọ̀gá mi níbi ìfọṣọ bi mí bóyá ìyá mi ṣì wà láyé. Mo ní ó wà, ara rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ le jùyẹn lọ. Ó ní òun kàn ń bèèrè ni, torí mi ò dárúkọ rẹ̀ rí.

Kí ni mo fẹ́ dárúkọ rẹ̀ sí? Àlejò kún ilé ẹ̀gbọ́n mi lóṣù kìíní, ẹnì kan ní mo ti tó ẹni tó ń gbélé ara rẹ̀. Ìyá mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Èyí? Ilé wo ni èyí fẹ́ tọ́jú? Ẹ fún un ní yàrá kan, ẹ ó fi ṣọ́bìrì wá a lábẹ́ ìdọ̀tí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo di ẹrù mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní tí mo bá ti lọ kí n má pe òun. Mo ní mi ò ní í pè yín. Nínú àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó ọ̀rọ̀ jẹ.

Tó bá lè pè lẹ́ẹ̀kan péré, mo máa gbé e. Mo kọ ọ́ síbí, kò sẹ́ni tó máa kà á.

Ohun kan ṣì wà tí kò fi rí mi mú. Àtikékeré ló ti ń fi ṣíbí onígi gbá mi lọ́wọ́ òsì. Ó ní wọn ò fi òsì dáná fún èèyàn jẹ. Mo gbọ́. Mo fi ọ̀tún jẹun, mo fi ọ̀tún kọ̀wé, mo fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ọ̀bẹ nìkan ló kọ̀. Títí dòní, òsì ni mo fi ń gé àlùbọ́sà, nínú àtẹ́lẹwọ́, wẹ́wẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Fàájì! A lọ sí ọgbà kan létí odò. Aṣọ mẹ́ta ló wà nínú báàgì tí mo gbé lérí, torí Ayaba fẹ́ kí ìjáde ẹyọ kan di ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó wọ búlúù, ó rẹ́rìn-ín sí odò. Ó sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó jáde pẹ̀lú funfun, ó rẹ́rìn-ín sí odò kan náà. Ti ẹ̀kẹta jẹ́ àwọ̀ ọsàn, síìpù rẹ̀ ò dókè, èmi ni mo fi pẹ́ẹ̀gì ilé ìfọṣọ wa mú un lẹ́yìn. Iwájú rẹ̀ ń dán bí ọmọ ọba, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí.

Ife ohun mímu kan la rà. Mo ya fọ́tò rẹ̀ títí yìnyín inú rẹ̀ fi yọ́. Bàtà gogoro rẹ̀ rì sínú koríko tútù, ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn délé. Ó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé ọkàn òun balẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10

Wàhálà. Ìyá Olódòdó bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ọwọ́ òsì lo fi ń gé e?"

Ló bá di pé gbogbo wọn padà lọ wo àwọn fídíò àtijọ́. Ọ̀tún ni Ayaba fi ń kun ètè. Ọ̀tún ló fi ń mú ṣíbí. Ta ló wá ni òsì tó ń gé àlùbọ́sà? Ọ̀rọ̀ di rúkèrúdò lábẹ́ fídíò. Ayaba sunkún, tìróò ojú rẹ̀ ṣàn dé àgbọ̀n, ó sì rántí ya fọ́tò ìyẹn náà. Ó ní láti ọ̀la lọ, kí n máa fi ọ̀tún gé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo ti gé ìka. Ọ̀bẹ lọ́tùn-ún, àlùbọ́sà lósì — ìka ìtọ́ka, ó jìn. Ohun tí Ayaba kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá ẹ̀jẹ̀ kán sí aṣọ tábìlì. Lẹ́yìn náà ló wá aṣọ tó máa fi di ìka náà. Ó yan pupa, kó lè bá kọ́tìnnì mu.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ìka ń sọ kúlúkúlú, síbẹ̀ a ya fídíò. Kò pẹ́ rárá tí Ìyá Olódòdó fi dé: "Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́? Fi òsì gé e, ọmọ mi. Òsì náà ni kí o fi gé e."

Níṣojú gbogbo ayé. Ayaba fò sókè. Ó ní kí n dá a lóhùn lọ́nà tí kò fi ní í padà wá mọ́. Inú ti ń bí mi tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ń ro mí, ta ni ọmọ rẹ̀? Mo kọ ọ́ lórúkọ Ayaba pé: "Mà, ẹ wá ọmọ tiyín lọ, ẹ yé sọ ọmọ ọlọ́mọ di tiyín. Àbí tiyín ti sá fún ẹnu yín ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Inú mi dùn. Mi ò ní í parọ́ fún ìwé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Òní, a jáde lọ ra òdòdó oníke. Ìkòkò rẹ̀ kún iwájú fèrèsé. Ayaba ń bu omi wọ́n ọn kó lè dán nínú fọ́tò. Mo ní kó rọra o, kó má lọ rúwé.

Ìyá Olódòdó ò kọ nǹkan kan. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Mo da iyọ̀ púpọ̀ sọ́bẹ̀. Ó hàn kedere nínú fídíò. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 20

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé kóòtù rẹ̀ wá síbi ìfọṣọ. A ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì ìlọṣọ, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ òjò. Ló bá ní òun ra fóònù tuntun fún màmá láti oṣù kejì, pé ìyàwó òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi, tí fóònù rẹ̀ àtijọ́ jẹ́ èyí tó fi rọ́bà dè! Ó ní màmá ò fẹ́ kí ojú rẹ̀ hàn níbẹ̀, òdòdó ẹ̀yìn ilé ìdáná ló yà sí i.

Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní nǹkan kan ṣoṣo ló ń wò lórí rẹ̀. Á gbé e sún mọ́ ojú, á pe ìyàwó òun wá, á ní, "Ọwọ́ ọmọ mi rèé." Ṣùgbọ́n láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló ti fi gèlè wé fóònù náà, tó tì í sínú àpótí. Ó ní ojú ń dun òun. Ẹ̀gbọ́n mi ní bóyá mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo jó kọ́là ẹ̀wù oníbàárà kan. Ẹ̀wù funfun, olówó iyebíye. Ọ̀gá pariwo, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Mo ka gbogbo ohun tó ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Epo ti pọ̀ jù. Ó ti rù. Ṣé ó ń jẹun? Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́? Kò sí èyí tó fi bú mi níbẹ̀.

Ayaba ní ká wá ẹlòmíì tí a máa bú lọ́sẹ̀ yìí, torí èsì ìjọ́sí fa èrò gan-an. Mo wò ó. Mo lọ jókòó sí yàrá mi.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Mo pè é.

Ó dún títí, mo ti ń ronú pé inú gèlè ló ṣì wà. Lẹ́yìn náà ó gbé e. Mò ń gbọ́ ìdérí ìkòkò. Mo ní ẹ kú ọ̀sán mà. Ó ní, "Ìka ńkọ́?" Mo ní ó ti ń jinná. Ó ní kọ́tìnnì yẹn burú, ta ló ń fi pupa bo pupa, ṣé inú ìkòkò ata lẹ̀ ń gbé ni? Mo ní mo sọ fún un, mà. Mo sọ fún un lọ́jọ́ tó rà á.

Mo ní, "Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí yín."

"Mo mọ̀," ló sọ. "Bí mo ṣe kà á, mo ní ẹnu mi rèé. Ó dùn mí."

Mo sunkún. Mo fi ọwọ́ bo fóònù kó má gbọ́, ó sì gbọ́. Ó ní kí n lọ nu imú mi, òun fẹ́ lọ gbé ọbẹ̀ kúrò lórí iná, àti pé tí mo bá tún máa gé àlùbọ́sà lọ́la, òsì ni kí n fi gé e, kí òun rí i.

Mo ti sọ fún Ayaba. Òsì ni lọ́la. Ó ní àwọn èèyàn máa mọ̀ pé ọwọ́ òun kọ́. Mo ní ẹni tó yẹ kó mọ̀ ti mọ̀.