Fẹ́sípà Tí Ẹ Pín Kí N Tó Kú

Èmi, Titus Adépọ̀jù Akínyẹlé, ọmọ Ìnísà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Nínú gbogbo òkú tí ẹ̀yin ẹbí mi ti pín ogún wọn rí, èmi nìkan ló padà wálé wá jẹun.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé àwọn ọmọ-ọmọ mi: ní ọdún 1961, mo dùbúlẹ̀ àìsàn ní ọsibítù ní Òṣogbo. Tíṣà mìíràn tó ń jẹ́ Titus kú ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi. Ẹnìkan sáré wálé wá ní Tíṣà Titus ti lọ. Ẹ ò tilẹ̀ wá wo òkú. Àwọn ẹlòmíràn a máa dúró di ogójì ọjọ́ kí wọ́n tó pín ẹrù. Ẹ̀yin ò dúró dé ọjọ́ kẹrin. Ẹ kú iṣẹ́ o! Nígbà tó kan Fẹ́sípà mi, alùpùpù tí mo ń gùn, kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ tú u palẹ̀, ẹ sì pín ẹ̀yà rẹ̀.

1. Ilé mi ní Ìnísà jẹ́ ti gbogbo ọmọ mi. Mo dúpẹ́ pé sípánà kò lè tú u.

2. Matthew, àkọ́bí mi, akọ̀wé ní Ìkìrun, ló gbé ẹ́ńjìnnì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní òun fi ń rántí mi. Ọmọ dáadáa! Mo fi oko mi lọ́nà Ìbà fún un. Kí ó máa fi ìyẹn rántí mi, kí ó sì máa ro ó.

3. Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, àbúrò mi ní Òkukù, kó táyà méjèèjì sí ọmọlanke tó fi ń ru iṣu. Ìjókòó Fẹ́sípà náà wà ní pálọ̀ rẹ̀ fún àlejò. Mo jókòó lé e, mo ní kí wọ́n fún mi lómi. Nígbà tó yọjú tó rí mi, ojú fèrèsé ló gbà sá lọ. Mo fi àga mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún un, torí ó ti hàn pé kò ní àga.

4. Gbogbo sípánà mi di ti Ọláníyan, mẹkáníìkì ní Ìkìrun. Lẹ́yìn tí mo gba àwọn irin náà padà lọ́wọ́ yín, oṣù mẹ́jọ ni èmi àti òun fi to Fẹ́sípà náà padà. A fi karosíìnì fọ irin kọ̀ọ̀kan, a ha gbogbo ibi tó dógùn-ún, a kùn ún ní ọ̀dà búlúù. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń bú ẹ̀yin ẹbí mi, mi ò sì dá a lẹ́kun. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ṣẹ́kù. Ó ní kò séwu.

5. Mojíbọ́lá, ọmọbìnrin mi, fèrè onírọ́bà ara Fẹ́sípà náà nìkan ló mú. Keziah ìyá rẹ̀ kì í gbé ọbẹ̀ kaná títí yóò fi gbọ́ fèrè yẹn láti orí afárá. Títí Keziah fi kú ló ń bá mi jà pé mo fẹ́ràn irin ju òun lọ. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún un pé irọ́ ni. Ó ń dùn mí dòní. Ọjọ́ tí mo lọ gba fèrè náà, mo gbọ́ tí Mojíbọ́lá ń tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá, tó ń sunkún. Mo yí padà lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà náà, bí mo bá dé kọ́nà, ẹnu ni mo fi ń pariwo “Ẹ yàgò!” Mojíbọ́lá ni mo fi Fẹ́sípà náà fún, lódindi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú nǹkan kan lára rẹ̀.

6. Ọláníyan, ìwọ náà ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Bí wọ́n bá tún ní mo ti kú, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹrù mi. Kí Mojíbọ́lá mú fèrè wá, kí ó tẹ̀ ẹ́ létí mi lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mi ò bá dìde, a jẹ́ pé mo ti lọ bá ẹni tó ń retí ìró fèrè náà. Nígbà náà, kí wọ́n máa pín.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìnísà, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án, ọdún 1966.

T. A. Akínyẹlé

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí wọ́n rí i pé mo ń mí:
Mọ́ṣúdù Ọmọ́dára, télọ̀, Ìkìrun
Morìnsọ́lá Oyèlárán, tíṣà, Òkukù