Agolo Mílíìkì Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rúnmu.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Láàárọ̀, nígbà tí ọmọ ajá wa tún ya ìgbẹ́ gbuuru, mo kọjú sí ìyá ọkọ mi: "Màmá, ẹ tún ti fún un ní ata!" Màmá máa ń sọ pé ajá tó bá ń jẹ ata ló ń rorò. Wọ́n gbé kẹ́tùlù àlùwàlá wọn, wọ́n lọ.

Dókítà ajá tí mo gbé e lọ bá ní Adégbayì ní kì í ṣe ata. Mílíìkì ni, èyí tí èmi fúnra mi ń pò fún un láràárọ̀ kí egungun ẹ̀ lè le.

Nígbà tí mo dé, mo sọ fún Màmá pé ìrẹsì rírọ̀ àti ẹja tí kò légungun ni kó máa jẹ. Mi ò sọ ti mílíìkì. Mo ti agolo náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí ló dé tí mo ṣe bẹ́ẹ̀?

Mo ń wò wọ́n lójú fèrèsé báyìí. Màmá tí kì í jẹ́ kí ajá fara kan aṣọ ìrun wọn ló ń ṣa egungun ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ajá ń lá wọn lọ́wọ́.

Wọ́n ti rí mi. "Ìyàwó, wá tọ́ ọ wò. Kò láta."