Ọ̀tún Balógun Ni Kí Ẹ Pe Bàbá: Ìgbésí Ayé Olóògbé Ọlọ́runlékè Àkànní Olútóyè (1931–1999)

Ní ọdún 1931 ni a bí Bàbá Ọlọ́runlékè Àkànní Olútóyè ní agboolé Akọ́dẹ, Ògbómọ̀ṣọ́. Àgbẹ̀ ni bàbá tó bí wọn. Àlàkẹ́ aláró ni ìyá wọn. Ìwé kẹrin ni Bàbá kà dé. Ní 1952 wọ́n tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n ìyá wọn wá sí Abidjan, wọ́n sì ta àgádágodo àti ìṣó ní ọjà Adjamé títí àìsàn fi dá wọn jókòó. Ní 1958 wọ́n fẹ́ Àjíkẹ́. Boribana, létí ọ̀sà, ni wọ́n ń gbé, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe díákónì ìjọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oyè ni ẹbí fẹ́ sọ lónìí. Kò ní dùn létí àwọn kan tó jókòó síbí, kí wọ́n sì fara dà á.

Ní 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé dá oyè Balógun sílẹ̀ ní Abidjan. Bí wọ́n ṣe ń to ogun nílé láyé àtijọ́ ni wọ́n ṣe tò ó: Balógun níwájú, Ọ̀tún àti Òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí Balógun bá lọ, Ọ̀tún ló kàn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò ó dá. Ogun tibí kì í ṣe ti ìbọn. Bí ọlọ́pàá bá kó ènìyàn, bí ìjà bá bẹ́ lọ́jà, Balógun ló ń dìde. Pa Àrìmíyàù ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́, Pa Sìrájù ni Ọ̀tún, Bàbá ni Òsì. Ní 1986 Pa Àrìmíyàù papò dà, Pa Sìrájù gorí oyè, Bàbá di Ọ̀tún. Ní 1992 Pa Sìrájù náà lọ. Ta ló kàn?

Ọkùnrin kan láti Zone 4, àdúgbò àwọn olówó, ni ẹgbẹ́ mú! Kò tíì lo ọdún mẹ́rin ní Abidjan. Ẹgbẹ́ ní ó ní mọ́tò, ó gbọ́ Faransé, Faransé ọjà lásán ni ti Bàbá. Èyí tó wá burú jù ni pé Ọ̀tún ni àṣà ní kó fa idà lé Balógun tuntun lọ́wọ́. Bàbá fi ọwọ́ ara wọn fà á lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ má baà fọ́. Nígbà tí wọ́n délé, wọn kò fẹnu kan oúnjẹ. Ọdún méje gbáko ni wọ́n fi jókòó lápá ọ̀tún ọkùnrin yẹn, tí wọ́n ń retí kí ẹgbẹ́ tún un ṣe. Inú bí ẹbí nígbà náà. Inú ṣì ń bí ẹbí.

Ní 1996 ọlọ́pàá kó ènìyàn mẹ́tàlélógún ní Adjamé nítorí carte de séjour, ìwé àṣẹ ìgbélùú. Balógun ní òun ní àlejò. Bàbá, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, kó ìwé gbogbo wọn sínú ọ̀rá, wọ́n wọ ọkọ̀ gbaka, wọ́n sì dúró ní komisaríà, àgọ́ ọlọ́pàá, láti àárọ̀ títí ẹni ìkẹyìn fi jáde. Faransé ọjà yẹn náà ni wọ́n sọ. Àwọn tí ìwé wọn wà nínú ọ̀rá yẹn wà níbí lónìí, wọ́n mọ ara wọn.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, ọkùnrin Zone 4 kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé láì dágbére. Oyè ṣófo. Lórí ibùsùn àìsàn, ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá bi Henriette, àkọ́bí wọn, bóyá ẹnì kan wá láti ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó wá. Bàbá dákẹ́ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àgbààgbà ẹgbẹ́ mẹ́fà gbé fìlà oyè dé, wọ́n ní kí ẹbí tẹ “Balógun” sínú ìwé ìsìnkú yìí. Háà! Ijọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Màmá Àjíkẹ́ dá fìlà padà fún wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá fi ìyàwó sílẹ̀, Àjíkẹ́, àwọn ọmọ, Henriette, Ayọ̀délé, Ignace àti Micheline, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá.

Nítorí náà, ẹbí bẹ gbogbo ènìyàn: ẹ má pe “Balógun” létí sàréè. Ọdún méje ni Bàbá fi wà láàyè tí etí wọn ń gbọ́, ẹ kò pè wọ́n.

Àkànní, ọkọ Àjíkẹ́, ilẹ̀ á dẹ̀ fún yín. Ẹ sùn re o.